Ìṣẹ́jú Mẹ́ta

Ọjọ́ Àìkú, 2/9/07

Mọ́mì ti pa mí.

Àsìkò ẹ̀rí ni, ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ń wá bíírò nínú báàgì. Bí mo ṣe gbójú sókè, Mọ́mì ni mo rí níwájú, ó ti gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ áṣà. Ó ní kí wọ́n bá òun yin Olúwa, pé Yíwọlá ọmọ òun tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù, Ọlọ́run ti sọ ọ́ di ọ̀gá! Gbogbo ìjọ hó. Àwọn ìyá tó wà lẹ́yìn mi ń gbá mi léjìká. Èmi ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí eyín ń dùn.

Ọ̀gá wo? Fọ́ọ̀mù ni mo gbà. Fọ́ọ̀mù tíìmù lídà, àwa mẹ́rìnlá la gbà á. Mo kàn dárúkọ ẹ̀ fún un lọ́jọ́ Ẹtì nígbà tí a jọ ń ṣa ẹ̀wà.

Nígbà tí a délé mo bi í léèrè. Ó ní nípa ìgbàgbọ́ ni. Ó ní ẹni tó bá dúró kó rí i kó tó dúpẹ́, ìyẹn ò ní ìgbàgbọ́, ojú ló ní. Kò sì kúkú jẹ̀bi, bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn ní ìjọ wa. Ẹni tí ẹ́ḿbásì bá fún ní ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò á ti jẹ́rìí pé òun ti dé London.

Ìyẹn nìkan kọ́. Pásítọ̀ Tòkunbọ̀ dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọjọ́ kẹtàlélógún ni Ọjọ́ Ìsìn Àwọn Òṣìṣẹ́ ní ìjọ wa, èmi ni màá sọ̀rọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àkọlé: Àṣeyọrí Nídìí Iṣẹ́.

Ẹyin lohùn. Ó ti balẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 3/9/07

Iṣẹ́. Ẹni tó bá pe ilé-iṣẹ́ wa tó tẹ méjì, Yorùbá ló fẹ́ sọ nìyẹn, ọ̀kan nínú àwa mẹ́fà ló máa gbé e. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n fún wa fún ìpè kan. Aago kékeré kan wà lórí kọ̀ǹpútà, bó bá ti ré kọjá mẹ́ta, á di pupa. Ọ̀gá wa, Ìyáàfin Dorothy, á rí i láti orí tábìlì tiwọn. Màdáámù Aago ni mò ń pè wọ́n, inú ìwé yìí nìkan ni o.

Táágẹ́ẹ̀tì kan náà ni tiwa àti ti àwọn tó ń gbé ìpè Òyìnbó. Ibi tó ń bí mi nínú nìyẹn. Oníbàárà tiwọn á ní hẹlóò, fóònù mi ò ṣiṣẹ́. Tiwa á ní: ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú ìjókòó. Ilé ńkọ́? Gbogbo ará ibi iṣẹ́ ńkọ́? Ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ ti lọ, a ò tíì mọ ohun tó ṣe fóònù! Ṣé kí n wá ní kí ẹni tó tó bí mi lọ́mọ pa ẹnu dé?

Bí wọ́n bá pín àkókò àwọn ìpè mi dọ́gba, ìṣẹ́jú márùn-ún ààbọ̀ ni ìpè kọ̀ọ̀kan. Ti Ìkẹ́ tó jókòó lódìkejì mi, tó ń gbé ti Òyìnbó, méjì àti díẹ̀ ni. Fọ́tò Ìkẹ́ ló wà lára ògiri, níbi tí wọ́n ń lẹ òṣìṣẹ́ tó tayọ jù mọ́, fún oṣù kẹta léraléra. Ọmọ dáadáa ni o. Àmọ́ ara ògiri yẹn ti sú mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4/9/07

Mẹ́ruwà tó ń gbé omi wá sí Close wa kí mi kú oríire ipò tuntun. Mẹ́ruwà!

Ọjọ́bọ̀, 6/9/07

Mo fẹ́ kọ ti òní kó pé.

Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bàbá kan láti Ṣakí. Wọ́n kí mi dáadáa — ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìjókòó, ṣé òjò ń rọ̀ lọ́dọ̀ yín l'Ékòó? Mo dáhùn gbogbo ẹ̀. Ohùn wọn ń gbọ̀n, mo kọ́kọ́ rò pé ti ọjọ́ ogbó ni.

Wọ́n ra káàdì láti fi owó sórí fóònù, wọ́n fi ọ̀bẹ ha á. Wọ́n ha á títí nọ́ńbà fi bó dànù tòun ti bébà. Ìyàwó wọn wà ní ọsibítù n'Ìbàdàn, aago méjìlá ni wọ́n máa gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Bàbá ti ṣèlérí pé á gbọ́ ohùn òun kí wọ́n tó gbé e wọlé. Fóònù wọn ò sì lè pe ẹnikẹ́ni mọ́ àfi àwa, torí ọ̀fẹ́ ni tiwa.

Àtúnṣe wà. Nọ́ńbà kéékèèké kan wà nísàlẹ̀ káàdì. Bí oníbàárà bá kà á fún wa, kọ̀ǹpútà á gbé èyí tó bó jáde. Ojú Bàbá ò ká a. Mo ní kí wọ́n wá ẹni tó máa bá wọn kà á. Wọ́n ní ọmọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á o. Mo ní mi ò lọ ibì kankan, sà. Mo ń gbọ́ bàtà wọn lójú ọ̀nà. Ẹni mẹ́ta ni wọ́n kí kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ aránṣọ! Wọn kì í lè kọjá lára èèyàn láìkí i. Aago mi ti pupa tipẹ́. Màdáámù Aago ti wá dúró sẹ́yìn mi, mo ń gbóòórùn pọfúùmù wọn.

Aránṣọ ka nọ́ńbà náà. Ó ṣì í kà. A tún un kà. Ó wọlé. Aago mọ́kànlá ààbọ̀ kọjá ìṣẹ́jú méjì.

Bàbá bẹ̀rẹ̀ àdúrà fún mi, mo ní sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe Ìyá ná.

Ó ti pé ọdún méjì tí mo ti wà níbi iṣẹ́ yìí. Mi ò tíì ṣe ohun tó dùn mọ́ mi nínú tó báyìí rí. Mo lọ sí ilé ìtọ̀, mo sunkún díẹ̀, mo bọ́jú, mo padà sórí ìjókòó.

Ọjọ́ Ẹtì, 7/9/07

Ìwé wá-wí-tẹnu-ẹ. Ó ti wà lórí tábìlì mi kí n tó dé. Ìpè kan, ìṣẹ́jú méjìlélógún. Kí n ṣàlàyé ìdí tí wọn ò fi ní bá mi wí. Wákàtí méjìdínláàádọ́ta ni wọ́n fún mi.

Dádì ni mo bẹ̀rù jù. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ní mínísírì ìjọba àpapọ̀, wọn ò fún un níwèé wá-wí-tẹnu-ẹ rí. Ó fẹ̀yìn tì lóòótọ́, iṣẹ́ ò fẹ̀yìn tì lára ẹ̀. Gbogbo wa la ní fáìlì nínú wọ́dúróòbù ẹ̀, aláwọ̀ ilẹ̀, olókùn. Ìwé ẹ̀rí, káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára, lẹ́tà tí mo kọ nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ pé kó má nà mí. Ọ̀gá Fáìlì.

Mo gbé ìwé náà fún un lórí ìkúnlẹ̀. Ó kà á. Ó yọ awò ojú. Ó tún un kà. Ó ní, "Kí lo ṣe fún ìṣẹ́jú méjìlélógún?" Mo sọ fún un. Ó ní kí n lọ jẹun, pé òun máa kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fèsì lọ́la.

Mi ò mọ̀ bóyá ojú ń tì í. Ojú ń ti èmi o.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8/9/07

Gbogbo òwúrọ̀ lórí ìwé kan. Dádì ní èsì ìwé wá-wí-tẹnu-ẹ kì í ṣe ẹ̀bẹ̀, kì í sì í ṣe ìjà. Bí mo bá bẹ̀bẹ̀, mo ti jẹ̀bi. Bí mo bá jà, mo ti lọ. "Sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kó o sì dúró níbẹ̀." Ó fi bíírò pupa fa ilà sábẹ́ gbogbo ibi tí mo ti ń pariwo. Ìdajì ìwé lọ.

Ohun tó ṣẹ́kù: Oníbàárà kí mi, mo dá a lóhùn. Ó sọ ìṣòro rẹ̀, mo yanjú rẹ̀. Kò tún ní láti pe ẹlòmíràn lẹ́yìn mi.

Mọ́mì ń kọrin ìdúpẹ́ ní kíṣìnnì ní gbogbo ìgbà tí à ń kọ ọ́. Kò mọ̀ nípa ìwé náà. Dádì ní kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ná.

Ọjọ́rú, 12/9/07

Sẹ̀kínátù tí a jọ ń jókòó gbé ìpè kan. Bàbá Ṣakí ni. Wọ́n ní ọmọ tó ń kíni làwọn ń wá, mo sì wà lórí ìpè mìíràn. Wọ́n ní kí ó sọ fún mi pé Ìyá ti jáde, ó ti mu ògì.

Mo kọ ọ́ sára bébà pẹlẹbẹ kan, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí kọ̀ǹpútà mi. *Ó ti mu ògì.*

Màdáámù Aago ò tíì sọ nǹkan kan nípa èsì mi.

Ọjọ́ Àìkú, 16/9/07

Wọ́n ti lẹ fọ́tò mi mọ́ pátákó ṣọ́ọ̀ṣì. Lábẹ́ ẹ̀: *Arábìnrin Yíwọlá, Tíìmù Lídà*. Mọ́mì dúró níwájú ẹ̀ bí ẹni tó ń ka Bíbélì. Ó ti lọ ra ìrẹsì l'Ágbójú nítorí ìdúpẹ́ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Inú ń bí mi sí i, inú ẹ̀ ń dùn sí mi. Báwo ni wọ́n ṣe ń bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ jà?

Ọjọ́bọ̀, 20/9/07

Mi ò mọ bí mo ṣe délé. Mo rìn láti Apple Junction dé 23 Road, mi ò rántí pé mo fẹ́ wọ ọ̀kadà.

Màdáámù Aago pè mí sí ọ́fíìsì wọn. Èsì mi wà níwájú wọn. Mo ti ń múra ìdánidúró sílẹ̀ lọ́kàn. Wọ́n ní kí n jókòó. Wọ́n ní àwọn kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n ní kò sí ẹni tó mọ àwọn oníbàárà Yorùbá tó mi, pé ohun tí àwọn ń wá nìyẹn. Lẹ́tà. Tíìmù lídà, láti ọjọ́ Ajé.

Mo fẹ́ fò mọ́ wọn lọ́rùn. Wọ́n wá ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́: kí n kọ ohun tí àwọn ọmọ mi máa máa sọ, ìkíni ò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀. "Ẹ káàbọ̀. Kí ni ìṣòro yín?" Ó tán. Bí oníbàárà bá bẹ̀rẹ̀ sí kíni, kí a ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ sórí ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ré kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta lẹ́ẹ̀marùn-ún lọ́sẹ̀, ìwé wá-wí-tẹnu-ẹ. Èmi ni màá máa buwọ́ lù ú. Kí n fèsì kí ọjọ́ Ajé tó mọ́.

Wọn kì í ṣe èèyàn burúkú. Àwọn náà ní ọ̀gá, ọ̀gá wọn náà ní aago.

Mọ́mì ka lẹ́tà náà dé ibi tí ipò wà, ó sọ ara ẹ̀ mọ́lẹ̀ ní pálọ̀. Ó yí síhìn-ín, ó yí sọ́hùn-ún. "Ṣé mo sọ? Ṣé mi ò sọ?" Dádì kà á tán pátápátá, ẹ̀yìn ẹ̀ náà. Ó ní, "Ta ni yóò máa fún wọn níwèé?" Mo ní èmi ni. Ó ká a, ó dá a padà fún mi. Ó ní fáìlì kì í gba ìwé tí a ò tíì fèsì sí.

Ọjọ́ Ẹtì, 21/9/07

Sẹ̀kínátù dì mọ́ mi. Ó ní ìyà ti tán nílẹ̀ wa, torí pé èmi ni ọ̀gá. Mi ò lè wò ó lójú. Òun gan-an ló ń kíni jù mí lọ. Òun ni màá kọ́kọ́ kọ ìwé sí.

Mo pàdé Olúmidé ní ọ̀sán, tí a jọ jáde sẹ́kọ́ńdírì. Ó ti ní jíìpù. Ó ní kí ni mò ń ṣe báyìí. Ẹnu mi ti là kí n tó mọ̀: tíìmù lídà ni mí. Ó dùn lẹ́nu! Mi ò ní parọ́ fún ìwé yìí. Ó dùn gan-an.

Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mí. Ṣé torí ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìjókòó, ni màá ṣe wà lójú kan? Ta ló ń fi ìkíni kọ́lé?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22/9/07

Mo jókòó láti kọ ohun tí àwọn ọmọ mi máa sọ. Mo fẹ́ gbìyànjú ẹ̀ ná, kí n mọ̀ bó ṣe rí. Mo kà á sókè bí ẹni pé Bàbá Ṣakí ló wà lórí ìlà. *Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ sórí ọ̀rọ̀.* Bí mo bá sọ ìyẹn fún wọn lọ́jọ́ náà, wọn ì bá tọrọ àforíjì, wọn ì bá pa fóònù. Mo mọ̀ wọ́n. Èèyàn bíi tiwọn kì í dúró níbi tí wọn ò ti dá ìkíni ẹ̀ lóhùn.

Mo ya á. Mo kọ ìwé mìíràn sí Màdáámù Aago: mo dúpẹ́, mi ò lè gba ipò náà bí iṣẹ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ bá jẹ́ èyí. Mo dúró níbẹ̀, bí Dádì ṣe kọ́ mi.

Mo gbé e fún Dádì. Ó kà á, kò fa ilà kankan sí i. Ó ní, "Ìyá ẹ ńkọ́?" Mo ní mi ò mọ̀, sà. Ó ní òun náà ò mọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 23/9/07

Súùtù dúdú tí Mọ́mì ní kí n wọ̀ ni mo wọ̀. Ìrẹsì ti wà nínú kúlà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ọ̀dọ́ mú bíírò àti ìwé jáde, wọ́n fẹ́ kọ bí èèyàn ṣe ń di ọ̀gá sílẹ̀. Èyí ló jẹ́ kí n bẹ̀rù jù.

Mo ní èmi kì í ṣe tíìmù lídà. Mo ní wọ́n fún mi, mo dá a padà. Mo sọ ti Bàbá Ṣakí, láti orí ọ̀bẹ dé orí ògì. Mo ní bí ẹnì kan bá bi mí léèrè àṣeyọrí mi nídìí iṣẹ́, ìyẹn ni mo ní, mi ò tíì ní òmíràn. Ó tán. Mi ò lò ju ìṣẹ́jú mẹ́fà lọ.

Àtẹ́wọ́ já síhìn-ín já sọ́hùn-ún. Ẹnì kan lẹ́yìn ń pàtẹ́wọ́ gan-an, Dádì ni. Pásítọ̀ Tòkunbọ̀ tètè dá orin sílẹ̀. Mọ́mì ò kọrin. Ó ń wo ọwọ́ ara ẹ̀.

Wọ́n pín ìrẹsì náà. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n ń jẹ ẹ́ fún.

Ọjọ́ Ajé, 24/9/07

Màdáámù Aago gba ìwé mi. Wọ́n ní, "O ya mí lẹ́nu," wọ́n sì wo aago.

Ọjọ́rú, 26/9/07

Ìkẹ́ ni wọ́n fún. Ìpè Òyìnbó ló ń gbé lóòótọ́, àmọ́ Àgbójú ni wọ́n ti tọ́ ọ, Yorùbá ẹ̀ já gaara ju ti ẹlòmíràn nínú wa lọ. Ó wá sídìí tábìlì mi, ó ní "Yíwọlá, má bínú, ṣé o gbọ́?" Mo ní mi ò bínú. Irọ́ ni. Inú ń bí mi sí Ìkẹ́, sí Màdáámù Aago, sí ara mi. Àwọn ọmọ ìlà wa ti ń sọ "ẹ lọ sórí ọ̀rọ̀" báyìí. Mo kọ ipò, ìkíni náà ṣì kú. Kí ni mo wá gbà là?

Sẹ̀kínátù nìkan ló ń bá mi ṣe agídí.

Ọjọ́ Ẹtì, 28/9/07

Ọjọ́ karùn-ún tí Mọ́mì ò bá mi sọ̀rọ̀. Ó ń gbé oúnjẹ mi sílẹ̀, ó ń bò ó, ó ń lọ. Mo bi í bóyá mo ṣẹ̀ ẹ́. Ó ń fọ àwo lọ. Gbogbo ọdún tó fi ń bá mi wí pé n kì í kúnlẹ̀ kí àlejò dáadáa, òun ló wá ń kọjá lára mi láìkí mi láàárọ̀.

Mo mọ ohun tó ń dùn ún. Ojú tì í níwájú gbogbo ìjọ. Wọ́n ti yọ fọ́tò mi kúrò lára pátákó. Ìyá kan bi í bóyá ilé-iṣẹ́ ló lé mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2/10/07

Ìwé wá-wí-tẹnu-ẹ kejì. Ìkẹ́ ló buwọ́ lù ú. Ó tọrọ àforíjì kó tó fún mi, ó tọrọ àforíjì lẹ́yìn ẹ̀.

Mo kọ èsì rẹ̀ lálẹ́. Dádì so àkọ́kọ́ àti ìkejì àti ẹ̀dà ìwé tí mo fi kọ ipò mọ́ fáìlì mi, lórí ìwé ẹ̀rí yunifásítì gan-an. Ó ní àyè ṣì wà. Mo rẹ́rìn-ín, ó sì jọ pé ẹkún ni.

Ó tún bi mí, bí ẹni pé kò fẹ́ mọ̀, nọ́ńbà wo ni èèyàn ń tẹ̀ fún Yorùbá.

Ọjọ́bọ̀, 4/10/07

Aago mẹ́wàá kọjá. Sẹ̀kínátù fọwọ́ kàn mí. Ó ní ìyá kan wà lórí ìlà òun, ọmọ tó ń kíni ni wọ́n ń wá. Mo ní kó gbé wọn wá.

Mo ní ẹ káàárọ̀ mà. Wọ́n ní ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú ìjókòó.

Mọ́mì ni. Mo ń gbọ́ Dádì lẹ́yìn ẹ̀: "Ṣé o rí i? Mo ní méjì ni kó o tẹ̀."

Kò pe orúkọ mi. Ó ní ilé ńkọ́? Mo ní adúpẹ́ mà. Ó ní àwọn òbí yín ńkọ́? Mo ní wọ́n wà mà, bàbá mi ń bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní ìyá yín ńkọ́? Mo ní ó wà mà, mo kàn dójú tì í ni. Ó ní hmm. Ó ní kí n má dá a lóhùn, pé ìyá náà ló lọ jẹ́rìí ohun tí kò tíì rí, ó wá rí i tán, kò dá a mọ̀.

Aago ti pupa. Ó ní ṣé mo ti jẹun? Ó ní ẹ̀wà ló wà nílẹ̀, òun máa bò ó dè mí. Ó bi mí léèrè Sẹ̀kínátù, ó bi mí léèrè Bàbá Ṣakí àti ìyàwó wọn, bóyá ìyá ti ń jẹ oúnjẹ líle. Mo dáhùn gbogbo ẹ̀.

Mo wá rántí pé wọ́n ń gbohùn wa sílẹ̀. Mo ní kí ni ìṣòro yín lórí fóònù, mà? Ó ní kò sí. Òun kàn ní kí òun kí mi ni.

Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún. Nígbà tí mo yọ ẹ̀rọ kúrò létí, Ìkẹ́ ti ń wá bíírò ẹ̀.